Oògùn, owó ìrànwọ́ àti iṣẹ́: ọ̀nà tí ẹni tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bárakú lè gbà ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò sí owó kankan tí ìjọba ń san lóṣooṣù fún ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, kò sì sí èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí tramadol, igbó tàbí sódábì (ògógóró) ti di bárakú fún. CNSS, àpò tí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni ń dá owó sí, ń sanwó lórí ọ̀rọ̀ ìdílé àti ìbímọ, lórí ìjàǹbá lẹ́nu iṣẹ́, àti lórí ọjọ́ ogbó, àìlera tí kò jẹ́ kéèyàn lè ṣiṣẹ́ mọ́ àti àwọn tí olóògbé fi sílẹ̀. Àìríṣẹ́ṣe kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì lọ tó ń béèrè owó àwọn tó ń jẹ oògùn yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo, wọ́n á sì ti fi ojú burúkú wò ó.

Ìrànwọ́ wà ṣá. Ẹnu ọ̀nà tòṣì, ti àìsàn àti ti iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń gbà débẹ̀, èyí tó sì yẹ kó ṣáájú gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹni tí wọ́n wá iṣẹ́ fún kí ara rẹ̀ tó balẹ̀ a máa pàdánù iṣẹ́ náà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀gá yẹn kò sì ní gba ẹlòmíì láti ilé náà mọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ tí kò ní ìwé ìdánimọ̀, gbogbo ọ́fíìsì ni yóò dá a padà. Nítorí náà, ara ni ká fi bẹ̀rẹ̀, ìwé ló tẹ̀ lé e, ìrànwọ́ ló kàn, iṣẹ́ ló wá kẹ́yìn.

Kí ara kọ́kọ́ balẹ̀

Ẹ má ṣe ti ẹni tó ń mu sódábì láràárọ̀ mọ́ yàrá kí ẹ ní ó ti jáwọ́ lónìí. Ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára, tó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè mú un láàárín wákàtí 6 sí 48. Ní ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹta, ó lè máa gbọ̀n, kí ara rẹ̀ gbóná, kí ó máa bá ohun tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Èyí máa ń pani. Bákan náà ni oògùn oorun bíi diazepam fún ẹni tó ti ń lò ó fún oṣù púpọ̀. Dókítà ló gbọ́dọ̀ bá irú àwọn wọ̀nyí dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Tramadol ní ìṣòro tirẹ̀. Oògùn ìrora ni, 400 miligíráàmù ni òpin ohun tí àgbàlagbà sábà máa ń lò lójúmọ́ nílé ìwòsàn. Nínú àwọn tí wọ́n ń gbé kiri lójú ọ̀nà, hóró kan lè jẹ́ 200 tàbí 225. Ẹni tó bá gbé méjì mì láàárọ̀ kó tó gun alùpùpù ti kọjá òpin yẹn tàbí ó ti dé orí rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Bó ṣe ń pọ̀ sí i ni gìrì ń sún mọ́ ọn, pàápàá bó bá pò ó mọ́ ọtí tàbí oògùn oorun. Bó bá sì fi í sílẹ̀ lójijì, ìyẹn náà ní ti ẹ̀: láàárín ọjọ́ kan, yóò máa yán, imú àti ojú rẹ̀ á máa ṣomi, ìgbẹ́ gbuuru, ẹsẹ̀ ríro, àìlèsùn, ìbẹ̀rù tí kò nídìí. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ló máa ń le jù. Ó máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ 10, àìrí oorun sùn lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ kọ nǹkan márùn-ún sí bébà: orúkọ oògùn (ẹ mú páálí rẹ̀ dání bó bá wà), iye miligíráàmù inú hóró kan, hóró mélòó lójúmọ́, láti oṣù wo, àti wákàtí tó lò ó kẹ́yìn. Ẹ fi ohun tó ń pò mọ́ ọn kún un. Bébà kékeré yìí ń gba àkókò là ju ẹkún ìyá aláìsàn lọ, òun ni dókítà yóò sì fi mọ̀ bóyá kó dá a dúró sílé ìwòsàn tàbí kó máa wá gba ìtọ́jú láti ilé.

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ilé ìwòsàn ńlá ti Ouémé àti Plateau, tí wọ́n ń pè ní CHUD, ni kí ẹ gbà lọ. Ará Kétu lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìlú, wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ẹkùn tó wà ní Pobẹ̀ bó bá kọjá agbára wọn. Ará Ṣábẹ̀ náà, ilé ìwòsàn ìlú ni kó kọ́kọ́ yà. Bó bá jẹ́ pé orí ti dàrú, ilé ìwòsàn ìjọba fún àrùn ọpọlọ wà ní Kútọnu, iléeṣẹ́ Saint Camille sì ní ibùdó kan ní Avrankou, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Grégoire Ahongbonon tó dá iléeṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ fúlúkánáísà rí, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n sì fi ń tọ́jú ènìyàn níbẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́, kí aláìsàn má baà ti ibùsùn bọ́ sí àìríṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń bá jà jù ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ìdílé tó bá gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń de ènìyàn mọ́ igi, kí wọ́n mọ̀ pé dídè kì í mú ìgbẹ́ gbuuru dá, kì í sì í dá gìrì dúró. Ẹni tí gìrì mú nínú ìdè lè kú.

Nílé, omi ló ṣe pàtàkì jù. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú un, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, gbogbo rẹ̀ pẹrẹsẹ, sínú omi mímọ́ lítà kan, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Ohun kan tó ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta láìlò ó, ara kò lè gba iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń gbé hóró mẹ́rin mì, tó jáde ní ẹ̀wọ̀n tàbí ní ilé ìwòsàn, tó tún gbé mẹ́rin mì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lè sùn kó má jí. Ẹ sọ ọ́ fún un ní gbangba, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú.

Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà, ẹ gba ìwé. Kò pọn dandan kí ó dárúkọ oògùn. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹni yìí ń gba ìtọ́jú, láti ọjọ́ báyìí dé ọjọ́ báyìí, àti ọjọ́ tó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta.

Ìwé ìdánimọ̀

Ọ̀pọ̀ àwọn tí bárakú ti mú kò ní ìwé lọ́wọ́ mọ́. Wọ́n ti fi káàdì ìdánimọ̀ dúró lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn, wọ́n ti ta fóònù pẹ̀lú síìmù inú rẹ̀. Ẹ má lọ fi owó ra káàdì yẹn padà. Ẹni tó dì í mú yóò tún owó pè ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti sọ pé ìwé ti sọnù, ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí ẹ wá béèrè tuntun lọ́dọ̀ ANIP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìdánimọ̀ ará ìlú.

Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà ìkànìyàn RAVIP, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ti ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, àní bí kò bá ní bébà kankan lọ́wọ́. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń fa ìwé ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní CIP àti ìwé ìbí jáde. Ẹni tí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rí níbì kankan ló ní iṣẹ́ púpọ̀: kó lọ sí màírì (ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀) ìlú rẹ̀ pẹ̀lú òbí tàbí àgbà ìdílé tó lè jẹ́rìí sí ìbí rẹ̀.

Ẹ yẹ bí wọ́n ṣe kọ orúkọ wò, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, orúkọ kan náà lè jẹ́ Adéchina nínú ìwé ìbí tí akọ̀wé fi ọgbọ́n Faransé kọ, kó jẹ́ Adesina nínú ìwé ilé ìwé, kó tún jẹ́ Adeshina lórí síìmù. Ojú ènìyàn rí i pé ẹnì kan ni, kọ̀ǹpútà kò rí i bẹ́ẹ̀. Owó tàbí káàdì ìtọ́jú lè há síbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Bí ìyàtọ̀ bá wà, èyí tó wà lọ́dọ̀ ANIP ni kí ẹ mú bí òtítọ́, kí ẹ wá tún àwọn yòókù ṣe bá a mu, tàbí kí ẹ béèrè àtúnṣe lọ́dọ̀ ANIP kí ẹ tó kọ orúkọ síbòmíì.

Kí síìmù jẹ́ orúkọ aláìsàn fúnra rẹ̀. Kí ìwé gidi sì wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ̀dà ni kí òun máa gbé kiri.

Lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìrànwọ́

Ọ́fíìsì tó yẹ kí ẹ mọ̀ nínú kọ́múùnù yín ni GUPS, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní orúkọ rẹ̀ àtijọ́, CPS. Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìjọba tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbọ́ ẹjọ́ ìdílé tó wà nínú ìṣòro wà. Bí ẹ kò bá mọ ilé náà, ẹ béèrè ní màírì tàbí lọ́wọ́ olórí àdúgbò. Ẹ lọ láàárọ̀, kí èrò tó pọ̀. Ní Àjàṣẹ́, ẹni tí ẹ bá lè jẹ́ ẹni tó gbọ́ Gùn àti Faransé tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ẹ mú ẹni tó lè túmọ̀ lọ́wọ́, kó má ṣe jẹ́ ọmọ aláìsàn fúnra rẹ̀. Kò yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá máa túmọ̀ ohun tí bàbá rẹ̀ ń gbé mì.

Bí ẹ ṣe gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ ṣe pàtàkì. Ọ̀rọ̀ ló ń yọ obì lápò. Bí ìyá bá wọlé tó ní, "Ẹ gbà mí o, igbó ti ba ọmọ mi jẹ́," àánú ni yóò rí, bóyá ìwàásù díẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà kò ní fọ́ọ̀mù tó bá igbó mu. Ohun tó ní fọ́ọ̀mù fún ni ilé tí oúnjẹ kò tó, ọmọ tó kúrò nílé ìwé, aláìsàn tí kò lè ra oògùn, ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́. Ẹ sọ ọ́ báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Èèyàn mẹ́fà la jẹ́ nílé, ọmọ mẹ́ta wà nínú wọn. Ọkọ mi ló ń mú owó wálé, àìsàn ti dá a dúró láti oṣù kejì, ìwé dókítà rè é. Ọmọ wa kan ti kúrò nílé ìwé nítorí owó. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ wa wà nínú ìwé àwọn tí ìjọba ń bá san owó ìtọ́jú, bí kò bá sì sí, kí ni kí n ṣe."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè irú àìsàn tó jẹ́, ẹ sọ òtítọ́. Irọ́ tí wọ́n bá já lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá wo ilé yín ló ń ba ẹjọ́ jẹ́. Wọ́n lè wá wo ilé lóòótọ́: iye yàrá, ohun tí ẹ fi ń dáná, ibi tí ẹ ti ń pọnmi, àwọn tó ń sùn níbẹ̀. Ẹ má kó nǹkan pamọ́, ẹ má sì yá tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò síbẹ̀ nítorí àlejò.

Owó ìtọ́jú tí ẹ ń béèrè yẹn jẹ́ ara ètò ìrànwọ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní ARCH. Ẹ̀ka mẹ́rin ló ní: ìṣedúró ìlera, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, owó yíyá kékeré, àti owó ọjọ́ ogbó. Òfin 2020-37, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 3 oṣù kejì 2021, ti sọ ìṣedúró ìlera di dandan fún ará ìlú, àwọn tí wọ́n kà sí òtòṣì paraku ni ìjọba sì ń bá san tiwọn. Àwọn òtòṣì yìí, ìjọba ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ nípa wíwo ilé kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹni tó ní bárakú ti máa ń bọ́ sílẹ̀ nìyẹn: ọjọ́ tí àwọn akọ̀wé dé, kò sí nílé, abẹ́ afárá tàbí gáréèjì ló ń sùn, ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá orúkọ rẹ̀ wà lára ti ilé yín. Bí kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń fi í kún un. Kí ẹ tún béèrè ìtọ́jú tí káàdì ìṣedúró náà ń san àti ilé ìwòsàn tó ń gbà á, kí ẹ tó gun mọ́tò lọ sí Kútọnu.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á ní kí ẹ padà wá. Ẹ kọ orúkọ òṣìṣẹ́ náà àti ọjọ́ tó dá fún yín sẹ́yìn bébà, kí ẹ sì padà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ìdílé tó padà wá lẹ́ẹ̀mejì lójú wọn ń mọ̀, èyí tí kò padà, fáìlì rẹ̀ á wà nísàlẹ̀.

Bó bá ṣì níṣẹ́ lọ́wọ́

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rọrùn láti dì mú ju èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá lọ. Ẹni tó ní ìwé àdéhùn iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aládàáni, òfin iṣẹ́ (98-004 ti ọdún 1998) dá àdéhùn náà dúró fún ìgbà díẹ̀ nígbà àìsàn tí dókítà fọwọ́ sí. Ó lè tó oṣù mẹ́fà. Àdéhùn náà kò tíì fọ́. Ohun tó ń fọ́ ọ ni àìlọ síbi iṣẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Torí náà, kí ìwé dókítà dé ọwọ́ ọ̀gá láàárín ọjọ́ kan sí méjì, kí ẹni tó mú un lọ gba ìfọwọ́sí àti ọjọ́ sórí ẹ̀dà kan. WhatsApp nìkan kò tó.

Òfin yìí kò bo ẹni tó wá síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ọtí lójú. Ìmutípara lẹ́nu iṣẹ́ lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tí ọ̀gá á tìtorí rẹ̀ lé e láìsan owó tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n lé. Kó lọ gba ìtọ́jú, kó fi ìwé ránṣẹ́, kó tó dé ìpele yẹn.

Bí wọ́n bá lé e, tó sì dá a lójú pé wọn kò tẹ̀ lé ìlànà, kó má kọ́kọ́ lọ sí kóòtù. Ọ̀dọ̀ aṣàyẹ̀wò iṣẹ́, tí ìjọba yàn láti parí ìjà láàárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá, ló gbọ́dọ̀ yà, dandan ni kí wọ́n gbìyànjú àtiparí rẹ̀ níbẹ̀ kí ó tó di ẹjọ́. Kò gba owó. Kó mú ìwé àdéhùn, ìwé owó oṣù àti ìwé dókítà dání.

Ìwé owó oṣù yẹn, ẹ wò ó dáadáa. Ìdá 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lára òṣìṣẹ́ fún CNSS. Lára 52,000 sẹfà, tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin láti oṣù kìíní 2023, 1,872 nìyẹn. Bí ọ̀gá bá ń yọ ọ́, tí orúkọ kò sì sí lọ́dọ̀ CNSS, owó yẹn ti bọ́ sápò ẹlòmíì, aṣàyẹ̀wò iṣẹ́ náà ló sì yẹ kó gbọ́.

Wíwá iṣẹ́ tuntun

Ẹ fún un ní àkókò. Lẹ́yìn tramadol tàbí ọtí, oorun àti ìrántí kì í padà bọ̀ sípò lọ́jọ́ kan. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta mẹ́rin láàárọ̀ tó: bíbomi sí ọgbà ẹ̀fọ́, gbígé kókó gbágùúdá fún àwọn tó ń ṣe gàrí, pípa kajú. Ohun tí ẹ ń wò ni bóyá ó lè dé ní àsìkò kan náà fún ọjọ́ mẹ́fà léraléra. Bó bá lè ṣe é fún oṣù kan, ó ti tó àkókò àtibá ọ̀gá sọ̀rọ̀.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí a kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi bẹ̀rẹ̀, bí owó wọn tilẹ̀ dára. Zémìjàn, alùpùpù akérò, ló ṣáájú wọn. Gìrì tó mú ènìyàn lórí alùpùpù yóò pa òun àti ẹni tó gbé sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ náà sì jẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ti kọ́ tramadol jíjẹ, nítorí àárẹ̀ àti ìrora ẹ̀yìn. Yàtọ̀ sí èyí, owó rẹ̀ ń wọlé ní kéékèèké látàárọ̀ dalẹ́, owó kékeré lọ́wọ́ lójoojúmọ́ sì ni ẹni tó ń ta oògùn fẹ́. Epo kpayó (bẹntiróòlù fàyàwọ́) tí wọ́n ń gbé lóru náà rí bẹ́ẹ̀, ó tún fi ọlọ́pàá kún un. Ẹ má jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ nílé ọtí, níbi tí wọ́n ti ń sè sódábì, lórí òrùlé tàbí níbi ayùn ńlá.

Èyí tó dára ni iṣẹ́ tí ọ̀gá wà lọ́ọ̀ọ́kán, tí wákàtí rẹ̀ dúró, tí owó rẹ̀ ń wá lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù: aṣọ rírán, káfíńtà, jíjó irin, adìyẹ sísìn, ọgbà. Ní Àjàṣẹ́, Songhaï, tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹran sísìn. Ẹ béèrè owó ẹ̀kọ́ àti ọjọ́ ìwọlé kí ẹ tó fọkàn sí i.

Ẹni tó bá ń lọ kọ́ṣẹ́, kí àdéhùn náà wà ní bébà: iye ọdún, owó tí wọ́n máa san àti ìgbà tí wọ́n máa san án, ẹni tó ń bọ́ ọmọṣẹ́, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí àìsàn bá dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìlà tó kẹ́yìn yìí ni àwọn ìdílé máa ń gbàgbé, òun sì ni ìjà máa ń tìdí rẹ̀ yọ. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kó ṣe ìdánwò CQM, ìwé ẹ̀rí ìjọba fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ayẹyẹ gbígba òmìnira dùn, aṣọ ẹgbẹ́ àti àgbò wà níbẹ̀, àmọ́ CQM ni ilé iṣẹ́ ní Kútọnu yóò béèrè. Àwọn kan ń yá owó ṣe ayẹyẹ, wọn kò sì ní owó ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́. Kí ẹ̀rọ ṣáájú àgbò.

ANPE, iléeṣẹ́ ìjọba fún ètò ìgbanisíṣẹ́, ní ẹ̀ka ní Àjàṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀, ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí orúkọ yín lè wọlé, olè ni. Kì í ṣe àwọn tó ní ìwé ńlá nìkan ni wọ́n wà fún: ètò tí wọ́n pè ní Azɔ̀li wà fún ọ̀dọ́ ọdún 15 sí 30 tí kò fi bẹ́ẹ̀ kàwé, ó sì ń gba ìforúkọsílẹ̀ ní àkókò. Ẹ béèrè bóyá ó ṣì ń lọ àti ìgbà tó kàn.

Kí ni kó sọ fún ọ̀gá nípa àtẹ̀yìnwá? Kò sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ ka gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Àmọ́ nínú ìlú bíi Kétu tàbí Ṣábẹ̀, ọ̀gá ti gbọ́ kí ẹ tó débẹ̀. Dídákẹ́ níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ń dà bí irọ́. Gbólóhùn méjì tó: "Ọ̀gá, ara mi kò yá lọ́dún tó kọjá, mo gba ìtọ́jú, ìwé dókítà ní mo lè ṣiṣẹ́ láti oṣù yìí. Ní gbogbo ọjọ́rú kejì oṣù, mo ní láti dé ilé ìwòsàn, mo sì máa padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà." Kí àgbà kan nínú ìdílé wà níbẹ̀, kó fi kún un pé, "Bí ẹ bá rí ohun tí kò yé yín, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ pè." Ọ̀gá tó ní ẹni tó lè pè kì í tètè lé ọmọṣẹ́.

Ìwé ilé ẹjọ́

Iṣẹ́ ìjọba àti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá ń béèrè ìwé tó fi hàn bóyá ilé ẹjọ́ ti dá ènìyàn lẹ́bi rí. Wọ́n ń béèrè rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní service-public.bj, oṣù mẹ́ta ló sì ń lò kó tó gbó, torí náà ẹ má tètè gbà á ju bó ṣe yẹ lọ.

Òfin 97-025 ti ọjọ́ 18 oṣù keje 1997 ló de oògùn olóró ní ilẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ títà àti gbígbé e kiri lè dé CRIET, ilé ẹjọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2018, tó wà ní Àjàṣẹ́ níbí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mọ̀ pé ẹni tó bá àwọn ẹlòmíì gbé ẹrù oògùn láti fi san gbèsè tirẹ̀ ti kúrò ní ẹni tó ń lò ó, ojú ẹni tó ń tà á ni wọ́n á fi wò ó.

Ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi, kó béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù (ará Kétu lè béèrè ní kóòtù Pobẹ̀) ìgbà tó lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà. Kó tó dìgbà yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ kì í sábà béèrè ìwé náà.

Owó tó bá dé

Oṣù àkọ́kọ́ tí owó wọlé ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú. Ẹ ṣe ètò rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé, kí òun fúnra rẹ̀ sì gbà á. Owó tí ìdílé gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tipátipá ń di ìjà. Bó bá ń gba 12,000 lọ́sẹ̀, fún àpẹẹrẹ: 5,000 fún oúnjẹ ilé, tí ọ̀gá lè fi ránṣẹ́ tààrà sórí fóònù ìyá, 4,000 fún alájọ, tí yóò wá gbà á níbi iṣẹ́ kí ó tó jáde, 1,500 fún mọ́tò àti ilé ìwòsàn, 1,500 tó kù ni tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bi í ohun tó fi ṣe. Ìdílé tó gba gbogbo rẹ̀ dànù máa ń kábàámọ̀, nítorí ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yóò jí.

Ní agbègbè Ṣábẹ̀, owó kajú ní ewu tirẹ̀. Ó ń dé lẹ́ẹ̀kan náà láàárín oṣù kejì sí ìkarùn-ún, ó lè pọ̀, àwọn tó ń ta oògùn sì mọ oṣù yẹn. Ẹ bá ẹni tó ń ra kajú sọ ọ́ ṣáájú kó san án lẹ́ẹ̀mẹta, tàbí kí ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n, kí apá kan lọ sí ilé ìfowópamọ́ bíi CLCAM lọ́jọ́ yẹn.

Owó yíyá kò yẹ fún ẹni tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà láìlò oògùn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, kó ra irinṣẹ́ tàbí ọmọ adìyẹ, kó má fún un lówó. Kí àmì wà lára irinṣẹ́ náà, kó sì máa sùn ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá. Ẹ̀rọ ìránṣọ tó sùn nílé ti di tramadol kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bó bá tún ṣubú

Ó lè ṣẹlẹ̀, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀ ni ètò wákàtí mẹ́rìnlélógún. Kó má lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Àgbà tó bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lákọ̀ọ́kọ́ ni kó pe ọ̀gá náà kí agogo mẹ́jọ tó lù, kó ní ara rẹ̀ kò yá, òun á mú ìwé dókítà wá. Kí wọ́n gbé e lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ìwé tuntun lè jáde pẹ̀lú ọjọ́ yẹn lórí rẹ̀, kí alájọ má ṣe dá owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà títí ọ̀sẹ̀ yẹn á fi parí, kí síìmù àti ìwé ìdánimọ̀ tún padà sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Bó bá sùn tí mímí rẹ̀ ń falẹ̀, tí ètè rẹ̀ ń ṣú, tí ẹ pè é tí kò dáhùn, ẹ dà á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má da omi tàbí epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tó lò fún wọn.